Sugar Ray Robinson: Abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò tó fi Cadillac aláwọ̀ píǹkì mú orí àwọn èèyàn rẹ̀ wú

Láti Ọjà Àlàbá títí dé Ìbà àti Okokomaiko, ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń mọ ẹni tí ọjà ti gbè. Èèyàn lè máa ta fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n fún ọdún mẹ́wàá gbáko kí àwọn ará àdúgbò má mọ̀ pé nǹkan ti ń ṣẹnuure fún un. Ọjọ́ tó bá wa jíìpù dé ẹnu ọ̀nà ilé báyìí, orúkọ yí padà nìyẹn. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọ̀gá, wọ́n á máa pè é ní Chairman, àwọn ọmọdé á sì máa wo ojú ara wọn nínú gíláàsì ọkọ̀ náà.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni nǹkan rí bẹ́ẹ̀. Ní ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ní àdúgbò Harlem nílùú New York, ọkọ̀ kan wà tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Cadillac ọdún 1950 ni. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 18, ẹ́ńjìnnì V8 ló wà níwájú rẹ̀, òrùlé rẹ̀ sì ṣeé ká sẹ́yìn bí ẹni ká ẹní, débi pé ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ ò lè fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọ̀ rẹ̀ ló wá pabanbarì. Píǹkì ni, bí ìyẹ́ ẹyẹ flamingo. Ẹni tó ni ín ni Sugar Ray Robinson, abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ ìjà ẹ̀ṣẹ́ gbà títí dòní pé kò tíì sí irú rẹ̀.

Orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀

Walker Smith ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọjọ́ kẹta, oṣù Karùn-ún, ọdún 1921 ni wọ́n bí i, ìwé àkọsílẹ̀ sì fi hàn pé ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Ailey, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ni wọ́n bí i sí. Iṣẹ́ oko ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú ìgbà náà, àwọn òbí rẹ̀ sá fún ìyà àti ẹlẹ́yàmẹ̀yà gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n forí lé Detroit, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Ford wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe Cadillac. Àárín àwọn tó ń to ọkọ̀ tí apá wọn ò ká láti rà ni ọmọ náà ti ṣe kékeré.

Ní Detroit yìí náà ló ti mọ Joe Louis, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ jíjà ní gbọ̀ngàn Brewster, tó sì padà di akọni àgbáyé. Walker a máa tẹ̀ lé e kiri, a máa bá a gbé báàgì. Nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ò lè bá ara wọn gbé mọ́, ìyá rẹ̀, Leila, kó òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin méjì lọ sí New York. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni ìyá yìí fi bọ́ wọn. Ọmọ náà kò jókòó lásán. Ó máa ń jó lójú títì kí àwọn tó ń kọjá lè ju kọ́bọ̀ fún un, ó sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Harlem, níbi tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Gainford ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀ṣẹ́.

Nígbà tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jà, ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó èyí tí òfin fẹ́. Ni wọ́n bá fún un ní káàdì ọmọkùnrin mìíràn, Ray Robinson, ó sì fi í wọlé. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn lára, kò kúrò mọ́. Nígbà tí àwọn tó ń wòran rí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń fò fẹ́rẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń bọ̀ láti ibi tí ẹni tó ń bá a jà ò fojú sí, wọ́n ní ìjà rẹ̀ dùn bíi ṣúgà. Bí ọmọ Smith ṣe di Sugar Ray nìyẹn.

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹwàá, ọdún 1940 ló kọ́kọ́ jà fún owó, ní gbọ̀ngàn Madison Square Garden. Ó jà lẹ́ẹ̀kan, ó jàre. Ó jà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó jàre. Ìgbà tó tó 40 tí kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun rẹ̀ ni Jake LaMotta tó wá gbo ewúro sí i lójú ní oṣù Kejì, ọdún 1943. Lẹ́yìn èyí, ó di oṣù Keje, ọdún 1951, ohun tó lé ní ọdún mẹ́jọ, kí ẹnikẹ́ni tó tún borí rẹ̀. LaMotta náà ò jẹun ọ̀ràn náà gbé. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni àwọn méjèèjì jà láyé wọn, Robinson sì mú márùn-ún níbẹ̀.

Ó wọ iṣẹ́ ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n ní kí òun àti Joe Louis máa lọ láti bárékè dé bárékè, kí wọ́n máa ja ẹ̀ṣẹ́ fún àwọn ọmọ ogun láti dá wọn lára yá. Robinson yarí pé òun ò ní jà níbi tí wọn ò bá ti jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun dúdú wọlé wòran. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ kó wọn lọ sí Yúróòpù lọ́dún 1944, wọ́n wá a tì. Àlàyé rẹ̀ ni pé òun ṣubú lórí àtẹ̀gùn, òun ò sì rántí nǹkan kan mọ́. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan ò gbà á gbọ́ títí tó fi kú. Ìjọba tú u sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọkọ̀ tí wọn ò fẹ́ tà fún èèyàn dúdú

Láti mọ ohun tí Cadillac yẹn jẹ́, ó yẹ kéèyàn mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Ọkọ̀ àwọn gbajúmọ̀ òyìnbó ni Cadillac jẹ́. Ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, àwọn tó ń ta á kì í fẹ́ kí èèyàn dúdú wọ ṣọ́ọ̀bù wọn wá rà á, nítorí wọ́n ní yóò ba ọjà jẹ́. Àwọn akẹ̀ṣẹ́, olórin àti dókítà dúdú tó lówó lọ́wọ́ wá ń wá ọgbọ́n dá. Wọ́n á fún òyìnbó kan lówó pé kó bá àwọn rà á lórúkọ ara rẹ̀. Ọ̀gá kan nílé iṣẹ́ náà, Nick Dreystadt, ló kíyè sí i pé àwọn tó ń gbé Cadillac wá fún àtúnṣe kì í ṣe àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé. Ó yí àwọn ọ̀gá General Motors lọ́kàn padà, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn.

Ọkọ̀ wà o, ṣùgbọ́n ọ̀nà ò là fún gbogbo èèyàn. Èèyàn dúdú lè wa Cadillac tó ń dán yinrin jákèjádò gúúsù Amẹ́ríkà kó má rí hòtẹ́ẹ̀lì kan tó máa gbà á sùn. Ilé epo mìíràn á ta epo fún un, wọn ò ní jẹ́ kó lo ilé ìyàgbẹ́ wọn. Nítorí èyí ni Victor Green, òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ kan tó ń gbé ní Harlem níbẹ̀, fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé atọ́nà kan jáde lọ́dún 1936, tó ń sọ fún awakọ̀ dúdú ibi tó ti lè sùn, ibi tó ti lè jẹun àti ibi tí wọn ò ti ní fi wọ́lẹ̀ lọ́ ọ. Tó bá jẹ́ inú ọkọ̀ nìkan ni ẹni tó lówó ti lè jókòó kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé kó dìde, ó yéni ìdí tó fi máa wá èyí tó dára jù lọ. Ìwé ìròyìn Ebony tiẹ̀ kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí lọ́dún 1949, nípa ìdí tí èèyàn dúdú fi ń ra Cadillac.

Irú ayé yìí ni Robinson gbé ọkọ̀ píǹkì rẹ̀ sí. Nígbà yẹn, ó ti gba bẹ́líìtì àgbáyé ìwọ̀n welterweight láti oṣù Kejìlá, ọdún 1946. Ó ti ní ilé ọtí àti oúnjẹ ní Seventh Avenue ní Harlem, tó ń jẹ́ Sugar Ray's. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ilé ìfọṣọ, àti ṣọ́ọ̀bù tí ìyàwó rẹ̀, Edna Mae, oníjó tó ti jó ní Cotton Club, ti ń ta aṣọ abẹ́ obìnrin. Tí wọ́n bá ti rí ọkọ̀ píǹkì níwájú ilé ọtí, gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ọkùnrin náà wà nílé. Àwọn olórin ńláńlá àti òṣèré máa ń yà síbẹ̀. Àwọn ọmọdé á yí ọkọ̀ ká. Tó bá wà á kọjá tòun ti òrùlé tó ti ká sẹ́yìn, tí irun rẹ̀ ń dán, tí aṣọ rẹ̀ sì bá ọkọ̀ mu, àwọn èèyàn á máa kígbe orúkọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

Òun nìkan ló ra ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n Harlem ló ni ín. Ìyá tó ń fọ ilé fún òyìnbó rí i, orí rẹ̀ wú. Ọmọ tí wọ́n ti sọ fún pé kò lè dé ibì kan rí i, ó mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n pa. Òrùlé tó ká yẹn ló fà á. Ká ní ọkọ̀ onílé ni, wọn ì bá rí ọkọ̀, wọn ò bá má rí èèyàn dúdú tó jókòó sídìí ọkọ̀ náà.

Kì í ṣe fáàrí nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 1947, ó bá Jimmy Doyle jà ní Cleveland. Ó ti lálàá lóru ọjọ́ tó ṣáájú pé òun pa ọmọ náà, ó sì ní òun ò jà mọ́. Àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ló bá a sọ̀rọ̀ tó fi gbà. Ó jà, ó lu Doyle ṣubú, ọmọ náà ò sì jí mọ́. Robinson ya owó sọ́tọ̀ nínú èyí tó ń rí láti fi tọ́jú ìyá olóògbé náà. Lọ́dún 1950 ẹ̀wẹ̀, ó jà pẹ̀lú Charley Fusari, dọ́là kan ṣoṣo ló sì mú nínú owó ìjà náà. Ìyókù, ó fi ta àwọn tó ń gbógun ti àrùn jẹjẹrẹ lọ́rẹ.

Ọkọ̀ píǹkì lójú títì Paris

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kejì, ọdún 1951, ní Chicago, ló lu LaMotta títí wọ́n fi dá ìjà dúró ní ráúńdì kẹtàlá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba bẹ́líìtì middleweight. Nígbà tó máa rìnrìn àjò lọ sí Yúróòpù lọ́dún náà, ó ní kí wọ́n gbé Cadillac sínú ọkọ̀ ojú omi, ó bá a lọ. Onígbàjámọ̀ tẹ̀ lé e, ẹni tó ń kọ́ ọ ní ẹ̀ṣẹ́ tẹ̀ lé e, ìyàwó, ẹbí àti ọ̀rẹ́ tẹ̀ lé e. Àwọn ará Paris tú síta láti wò ó. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ní Paris, ó lè wa ọkọ̀ rẹ̀ dé iwájú hòtẹ́ẹ̀lì tó gbajúmọ̀ jù lọ, kí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún un pẹ̀lú ẹ̀rín.

Fàájì náà ní iye tó ná an. Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Keje, ní London, Randolph Turpin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ èèyàn dúdú, gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù méjì péré lẹ́yìn náà, níwájú èèyàn tó lé ní 61,000 ní New York, Robinson gbà á padà. Ojú rẹ̀ ti ya, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ó mọ̀ pé wọ́n lè dá ìjà dúró nígbàkúùgbà, ló bá da ẹ̀ṣẹ́ bo Turpin bí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá ní ráúńdì kẹwàá.

Lọ́dún 1952, ó fẹ́ gba bẹ́líìtì àwọn tó wúwo jù ú lọ lọ́wọ́ Joey Maxim. Ooru ọjọ́ náà pọ̀ débi pé rẹfirí fúnra rẹ̀ dákú lọ, wọ́n ní láti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Robinson ló ń borí títí di ráúńdì kẹtàlá, ṣùgbọ́n kò lè dìde láti jà ìkẹrìnlá. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní òpin ọdún náà, ó sọ ara rẹ̀ di oníjó.

Ijó ò mú owó wọlé tó. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó fi sílẹ̀ ní Harlem náà ò lọ déédéé. Ẹni tó bá ní ìsọ̀ ní Àlàbá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọjà tí olówó rẹ̀ ò jókòó tì. Nígbà tó máa fi padà síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú owó náà ti lọ. Kò sóhun méjì tó mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹ̀ṣẹ́ lọ, ló bá tún padà sójú ìjà lọ́dún 1955. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: kí ọdún náà tó parí, ó ti lu Bobo Olson, ó sì ti gba bẹ́líìtì rẹ̀ padà. Gene Fullmer gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kìíní, ọdún 1957. Ní oṣù Karùn-ún, Robinson fi ẹ̀ṣẹ́ òsì kan ṣoṣo dá Fullmer dùbúlẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ ṣì ń fi han ọmọ iṣẹ́ títí dòní. Lọ́dún 1958, ó gbà á lọ́wọ́ Carmen Basilio, ó sì di ẹni tó gba bẹ́líìtì middleweight àgbáyé lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Bẹ́líìtì yìí kan Nàìjíríà náà. Fullmer tí Robinson bá wọ̀yá ìjà yẹn ni Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà, gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 1962. Ní ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹjọ, ọdún 1963, ní pápá ìṣeré Liberty n'Ìbàdàn, wọ́n tún wọ̀yá ìjà, Fullmer ò sì lè kọjá ráúńdì keje.

Nígbà tí òrùlé padà bò

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò sì lọ bí ọ̀pá ìbọn. Robinson fúnra rẹ̀ sọ pé owó tó tó mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là ló gba ọwọ́ òun kọjá, gbogbo rẹ̀ ló sì lọ. Ó ná an fún ara rẹ̀, ó ná an fún ọ̀rẹ́, ó ná an fún ẹni tí kò mọ̀ rí tó wá sọ ìṣòro rẹ̀ fún un nílé ọtí. Àwọn agbowó-orí gbẹ́sẹ̀ lé èyí tó kù. Òun àti Edna Mae kọ ara wọn sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tì tẹ̀ lé ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ti kún pápá ìṣeré fọ́fọ́ rí wá ń jà ní àwọn gbọ̀ngàn kéékèèké nígbà tó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, nítorí owó ilé. Oṣù Kọkànlá, ọdún 1965 ni ìjà ìkẹyìn, ó sì fìdí rẹmi.

Oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n ṣe ayẹyẹ ìdágbére fún un ní Madison Square Garden. Turpin, Olson, Fullmer àti Basilio, gbogbo àwọn tó ti bá fa bẹ́líìtì mọ́ra wọn lọ́wọ́, wá yẹ́ ẹ sí. Wọ́n gbé ife ńlá kan fún un. Nígbà tó gbé e délé, kò sí tábìlì kan nínú yàrá kékeré tó ń gbé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára tó láti gbé ife náà dúró.

Ó kó lọ sí Los Angeles pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tuntun, Millie. Lọ́dún 1969, ó dá àjọ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ àdúgbò tálákà níbẹ̀, kí wọ́n lè rí ibi ṣeré ìdárayá. Kò kọ́ wọn ní ẹ̀ṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ sáré lábẹ́ àjọ náà ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Florence Griffith. Lọ́dún 1988, ọmọ náà sá eré 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 10.49, kò sì sí obìnrin tó tíì sá a jù bẹ́ẹ̀ lọ títí dòní.

Ọmọ mìíràn wà tó ti rí ọkùnrin náà rí. Lọ́dún 1960, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 18 kan tó ń lọ jà ní ìdíje Olympics nílùú Rome dúró sẹ́bàá títì ní Harlem fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó lè fojú kan Sugar Ray. Robinson ò fi bẹ́ẹ̀ dá a lóhùn. Ọmọ náà ò bínú. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ owó tó gidi fún ìgbà àkọ́kọ́, Cadillac píǹkì ló rà fún àwọn òbí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Cassius Clay, ẹni tí ayé padà mọ̀ sí Muhammad Ali.

Sugar Ray Robinson kú ní ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹrin, ọdún 1989, lẹ́ni ọdún 67. Àìsàn ìgbàgbé ti mú un nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú ìjà rẹ̀ ti kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ṣáájú àìsàn yìí, ní Los Angeles, kò sí Cadillac lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ford Pinto pupa kékeré kan ló ń wà lọ síbi iṣẹ́, ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú tí kò sẹ́ni tó máa yọjú lójú fèrèsé nítorí rẹ̀. Kò fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sì tijú rẹ̀. Iwájú pápá tí àwọn ọmọ ti ń sáré ló máa ń páàkì rẹ̀ sí.